Ohun Tí Mo Sọ Nípa Bàbá Mi ní Dùgbẹ̀

Bí obìnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá pé òun fẹ́ ra kọ́tìnì, tí mo bi í pé fèrèsé mélòó ló wà nínú yàrá ọ̀hún, tó wá ń wò mí sùn, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe kọ́tìnì ló bá wá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán kọ́tìnì ní Dùgbẹ̀. Àwọn oníbàárà mi a máa kọ ìwọ̀n fèrèsé wọn sórí bébà wá, àwọn mìíràn a fi okùn wọ̀n ọ́n, àwọn mìíràn a ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Obìnrin tí mò ń sọ yìí kò mú nǹkan kan dání ju báàgì rẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ pa aṣọ yìí, ó fọwọ́ pa tọ̀hún, ó bi mí bóyá Bódìjà ni mò ń gbé, ó tún bi mí bóyá àwọn òbí mi ṣì wà láyé. Èwo ni ti òbí nínú ọ̀rọ̀ kọ́tìnì?

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó. Ṣé ilé ọkọ ọmọ mi lẹ ti wá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ tijú. Òun ni àbúrò bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, Challenge ni wọ́n ń gbé, ìwádìí ni wọ́n sì rán an wá ṣe. Inú ò bí mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: kí wọ́n tó mu omi nílé rẹ, wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá wò bóyá wèrè wà nídìí ẹbí yín, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá àwọn obìnrin yín máa ń gbélé ọkọ pẹ́. Èmi náà ti rán èèyàn lọ sí àdúgbò tiwọn. Ohun kan ṣoṣo tó rí bọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ ẹbí. Ta ni kì í jà lórí ilẹ̀ ní Ìbàdàn? Mo ra mínírà tútù fún un, a jókòó, àfi bíi pé a ti mọra tipẹ́, torí ẹgbẹ́ ni wá.

Ìgbà tó mu mínírà náà dé ìdajì ló gbé ìgò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ìyá ìyàwó. Ọ̀rọ̀ bàbá yín ni. Bàbá tiwa fi ẹsẹ̀ òsì wọn sílẹ̀ lójú ogun abẹ́lé. Wọ́n ti búra pé kò sí ọmọ ilé àwọn tó máa fẹ́ ọmọ ilé ọ̀dàlẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn ọmọ yín, Ọlọ́run gbọ́. Ẹ kàn sọ nǹkan kan fún mi tí mo lè gbé délé."

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, orí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ti sá lọ, odidi oṣù mẹ́fà ni ọmọ mi kò fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó wá rí èyí tó wù ú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bàbá mi. Òǹkọ̀wé ni wọ́n. Àwọn tó lọ ilé ẹ̀kọ́ kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ ka ìwé wọn dáadáa. Nígbà tí ogun bẹ́, ìlà-oòrùn ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ màmá mi tó jẹ́ ọmọ Ígbò. Àwọn Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún ń sá bọ̀ wálé, bàbá mi ò wálé. Nígbà tó yá ni àwọn ará ilé ń gbọ́ ohùn wọn lórí rédíò àwọn ọ̀tá, tí wọ́n ń fi Yorùbá tó dùn bí oyin bẹ àwọn ọmọ ogun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ pé kí wọ́n ju ìbọn sílẹ̀, kí wọ́n máa padà lọ bá ìyá wọn. Nílé níbí, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ogun parí, ìjọba mú wọn, ó tì wọ́n mọ́lé fún oṣù mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Wọn ò bá wọn ṣẹjọ́, wọn ò tilẹ̀ bá wọn wí. Ìyẹn ló wá dá wàhálà kejì sílẹ̀. Àwọn ará ìlú màmá mi ní, háà, bí ìjọba ṣe tú u sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, a jẹ́ pé amí ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ẹnì kan ṣoṣo ṣe di ọ̀dàlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, tó sì di amí nílé àna rẹ̀.

Bàbá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú wọn. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá gbohùn wọn sílẹ̀ nílé wa. Bàbá á gbé ẹ̀pà síwájú wọn, á sì máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sin ìgbín títí tí iná á fi tán lórí fóònù wọn. Mo rí ọ̀kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún jáde. Èmi náà ti bi wọ́n léèrè rí nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún. Wọ́n ní kí n lọ wò bóyá omi ti hó.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le nílé wa nìyí. Màmá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo. Lásìkò ogun, ó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ bẹntiróòlù tí wọ́n kó pamọ́ sínú igbó kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà. Àwọn tó mọ ibẹ̀ kò pọ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n, torí àwọn ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ lọ fún àna wọn. Lọ́jọ́ kan, bàálù ogun dé, kò ya ibì kankan, orí igbó yẹn tààrà ló lọ. Wọn ò rí òkú ẹ̀gbọ́n màmá mi kó jọ. Nígbà tí ìjọba wá tú bàbá mi sílẹ̀, ẹbí màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí wọn. Wọ́n ní kí màmá mi yàn, yálà ọkọ tàbí ẹbí. Màmá ní, "Ọkọ mi kò ṣe é," wọ́n sì tẹ̀ lé ọkọ wọn wá sí Ìbàdàn. Bàbá Màmá kú, ẹbí ò jẹ́ kí Màmá wá sin ín. Ìyá wọn náà kú, bákan náà ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Gbogbo ohun tí màmá mi ní láyé yìí, orí gbólóhùn kan yẹn ni wọ́n gbé e lé.

Nítorí náà, bí mo ṣe jókòó níwájú obìnrin yìí ní Dùgbẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti há. Bí mo bá ní ọ̀dàlẹ̀ ni bàbá mi, ọkọ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, bákan náà ló máa já sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà mí, ọ̀rọ̀ náà ló sì lè pa màmá mi.

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo ní, "Ṣé ẹ lè pa àṣírí mọ́?"

Ó fi ìka kan ahọ́n rẹ̀, ó gbé e sókè ọ̀run.

Mo ní, "Ìjọba ló rán wọn. Amí ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí rédíò yẹn, ọgbọ́n ni wọ́n fi ń wà láàárín àwọn ọ̀tá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, kí ló dé tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ láì ṣẹjọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kó má kúrò láàárín èmi àti ẹ̀yin. Màmá mi ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Yéè!" Obìnrin náà dìde, ó dì mọ́ mi. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti parí, ìyá ìyàwó! Ọ̀rọ̀ ti parí!" Ó tilẹ̀ ra kọ́tìnì lọ, èyí tí kò mọ fèrèsé tó fẹ́ ta á sí.

Irọ́ ni mo pa. Mi ò ní pọ́n ọn lé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí bàbá mi ṣe àti ohun tí wọn ò ṣe. Mo kàn rò pé Dùgbẹ̀ jìnnà sí Bódìjà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa. A ta kánópì kan ṣoṣo sí iwájú ilé, a ò pe èèyàn rẹpẹtẹ. Bàbá àti Màmá jókòó pọ̀ ní iwájú, Màmá fi gèlè aláwọ̀ ewé wé orí, wọ́n ń ká aṣọ ìnujú wọn, wọ́n ń tú u, torí inú wọn ń dùn, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n lè fọwọ́ ṣe. Ìdílé ọkọ mú alága tiwọn wá láti Ring Road, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò máìkì. Àwọn ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, ó ní wọn ò dọ̀bálẹ̀ dáadáa, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá mú fóònù rẹ̀ jáde láti ka nǹkan tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo gbé. Mo ti jókòó níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí mi ò lè ka iye rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹbí ló máa ń sọ fún alága ohun tó máa fi yin àna. Èmi gan-an ti kọ tiwa fún alága wa ní Ọjọ́bọ̀. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Irú ọ̀rọ̀ dídùn tí mo fi lé obìnrin yẹn lọ́wọ́, ibo ló fẹ́ gbé e pamọ́ sí?

Alága ní, "Ẹ̀yin ará ilé ìyàwó, ẹ má rò pé a ò mọ ilé tí a wá o! Bàbá tí ẹ ń wò yìí, akọni ni wọ́n! Ìjọba ló rán wọn! Wọ́n jókòó ti ọ̀tá, wọ́n ń bá ọ̀tá jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀tá, wọ́n sì ń kó àṣírí ọ̀tá ránṣẹ́ sílé fún wa! Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olúwa mi o, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Màmá fà mí láṣọ. Wọ́n ní, "Nne," bí wọ́n ṣe máa ń fi èdè Ígbò pè mí nìyẹn láti kékeré, "kí ni obìnrin yẹn sọ?"

Mo ní, "Àwàdà ni, Màmá. Ṣebí ẹ mọ àwọn alága."

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ilé ọkọ ti dìde. Arúgbó tó ń fi igi rìn, ẹsẹ̀ kan gidi, ẹsẹ̀ kan ike. Ó rìn wá síwájú bàbá mi. Ó fi igi rẹ̀ sí abíyá, ó nà ró, ó sì kí bàbá mi bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ó wá na ọwọ́.

Bàbá mi wo ọwọ́ náà. Mi ò rí kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà Ìbàdàn na irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí wọn rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ mi dúró sí pẹ̀lú ìbòjú lórí, tó ń retí kí wọ́n pe òun. Wọn ò wo Màmá. Wọ́n gba ọwọ́ náà, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Màmá dìde, wọ́n wọlé. Àwọn èèyàn rò pé oúnjẹ ni wọ́n lọ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tó tú kánópì tán, Màmá ti gbé ìrọ̀rí wọn kúrò ní yàrá Bàbá, wọ́n gbé e lọ sí yàrá kékeré tí mò ń kó aṣọ kọ́tìnì sí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí mínírà dórí ìbúra obìnrin yẹn. Mo ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa. Nítorí ọmọ yìí ni. Ẹ nà mí bí ẹ bá fẹ́."

Màmá fà mí dìde. Wọ́n ní, "O lè máa parọ́, nne. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá sọ. Obìnrin yẹn sọ ọ́, ọkọ mi sì ní ẹ ṣeun. Kí ló ń dúpẹ́ fún?"

Látọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ kí Màmá pe Bàbá ní "ó" rí. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn ju àwọn obìnrin tí wọ́n bí sí Ìbàdàn níbí lọ.

Wọ́n ní, "Lọ sọ fún un. Kó wá dúró síbi ilẹ̀kùn yìí, kó sọ pé rárá, òun kò ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mi ò ní bi í ní nǹkan mìíràn títí mo fi máa kú."

Mo sáré bá Bàbá. Wọ́n ti bọ́ agbádá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo jíṣẹ́. Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ ọ́ nínú ilé yìí lónìí, ó máa dé Challenge lọ́la. Jẹ́ kí ọmọ wọlé ọkọ ná. Bí ìgbéyàwó bá ti kọjá, n ó lọ bá a."

Mo tún gbé e padà fún Màmá. Màmá ní oṣù mélòó ló kù. Mo ní oṣù mẹ́ta. Wọ́n mirí, wọ́n ní àwọn ti dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́ta yẹn, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn mí mọ́. Abọ́ méjì ni mò ń gbé láràárọ̀, ọ̀kan sí yàrá ọ̀tún, ọ̀kan sí yàrá òsì. Bí Bàbá bá jáde sí pálọ̀, Màmá á dúró sínú. Bí mo bá wà ní Dùgbẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, bí mo bá sì délé, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sáré padà sí Dùgbẹ̀. Mi ò lè sọ fún ọmọ mi. Tó bá gbọ́, ó lè ní òun ò ṣe mọ́, nítorí ó fẹ́ràn ìyá mi ju èmi lọ. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, sí alága, sí obìnrin yẹn, sí bàálù ogun, sí ara mi.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti tàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ aládùúrà kan ní Àgbówó, ogójì ọdún ni Bàbá ti ń jókòó sẹ́yìn láìsí ẹni tó fún wọn ní oyè kankan. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan báyìí ni wọ́n ní kí wọ́n wá ka Bíbélì níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ yunifásítì tún padà wá, Bàbá ò sì sọ̀rọ̀ ìgbín mọ́. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí i pé fìlà wọn ti ń gẹ̀ sápá kan. Kí n má parọ́, nígbà mìíràn inú mi máa ń dùn fún wọn. Màmá máa ń gbọ́ ẹ̀rín náà láti yàrá kékeré.

Ìgbéyàwó kọjá. Ó dára, a dúpẹ́. Màmá wọṣọ, wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín nínú gbogbo fọ́tò. Bí a ṣe délé, wọ́n tú gèlè, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ mìíràn, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Bàbá wọ yàrá tiwọn. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti rẹ̀ wọ́n, ọjọ́ náà gùn.

Ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn Màmá wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Èèyàn ò lè kọjá lọ sí ilé ìdáná kó má rí wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí balùwẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ara mi ò gbà á mọ́. Mo wọlé bá Bàbá láàárọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Bàbá, ìgbéyàwó ti kọjá o. Ọmọ ti wà nílé ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè gbà á padà mọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni láti ibi tí ẹ wà yìí dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Ọ̀rọ̀ kan ni. Rárá. Ẹ dìde kí a lọ, èmi náà á tẹ̀ lé yín."

Bàbá wo ọwọ́ wọn. Wọ́n na àwọn ìka, wọ́n ká wọn kò. Màmá wúkọ́ lódìkejì.

Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ọmọ bímọ ná."

Mo jókòó sórí àpótí aṣọ wọn. Gbogbo ìbéèrè tí mo ní ti dé ẹnu mi, mi ò bi wọ́n ní ọ̀kankan. Nígbà tó yá, mo dìde, mo lọ bu oúnjẹ Màmá, mo gbé e lọ fún wọn.

Màmá bi mí pé kí ni wọ́n sọ. "Wọ́n" ni Màmá pe Bàbá lọ́jọ́ náà.

Mo ní Bàbá ń sùn.

Màmá ní kò burú. Wọ́n ní bí mo bá ń lọ, kí n má ti ilẹ̀kùn.